Ẹni tí Ìyá Àgbà Kò Pè Lórúkọ

Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, oníwàásù dúró níwájú ìjọ, ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ó ní ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí i pé àwọn èèyàn ń mi orí. Àwọn tí Ìyá Àgbà ti lé jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín. Mo fẹ́ dìde. Bàbá mi di etí aṣọ mi mú, mo sì jókòó. Ohun tí n kò rí sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síbí, nítorí bí a bá jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ dídùn sin èèyàn, a ti sin ín lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Àgbà kì í ṣe obìnrin jẹ́jẹ́. Alágídí ni. Òun ló bí bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí ní agbo ilé wa ní Ìlá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Aṣọ kíjìpá ló ń hun. Òfì rẹ̀ dúró ṣánṣán lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa fi àpásà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra, lu aṣọ náà kì, kì, kì. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn mọ́ ọn, yóò sọ ọ́ láì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Èyí tí kò bá dùn mọ́ ọn, yóò yọ àpásà kúrò láàárín òwú, yóò nà án sí olúwarẹ̀, yóò wá fi ara balẹ̀ sọ ọ́. Àwa ọmọ ilé kì í béèrè bóyá ìjà ti le. A kàn máa ń wo ibi tí àpásà wà.

Bí àlejò bá wọlé, omi ló ń kọ́kọ́ bù fún un. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti di òfin. Ẹni tó bá bi àlejò pé ta ló ń wá kí omi tó dé ọwọ́ rẹ̀, olúwarẹ̀ ti ra wàhálà ọjọ́ náà. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Ìgbájọ ṣìnà wọ agbo ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo lọ pàdé rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi gbogbo ìwà rere tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ béèrè ilé tó ń lọ àti ọmọ ẹni tó jẹ́. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò tíì ní baba. Gbé omi."

Ṣùgbọ́n ibi tí agídí rẹ̀ ti le jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. A mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, títí kan ọmọ tó ń rá kòrò, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, àtọkùnrin àtobìnrin. Yóò fún kálukú wọn ní orúkọ àpọ́nlé tirẹ̀, yóò sì máa kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn ìyàwó òde òní ń ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀ràn ọ́fíìsì tàbí ilé ìwòsàn, wọ́n á rọra sọ orúkọ náà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá Àgbà kì í rọra ṣe nǹkan kan. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ga, Agùntáṣọọ́lò ló ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, títí tí ìyẹn fi sanra tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn, ni Akọ̀wé. Baba Ìbàdàn ni àwa ọmọdé ń pè é ní tiwa.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá fún àwọn ọmọ agbo ilé ní abẹ́rẹ́, ó béèrè orúkọ baálé. Ìyá Àgbà ní baálé wà lóko. Nọ́ọ̀sì ní orúkọ nìkan ni òun fẹ́. Ìyá Àgbà ní kó lọ bá a lóko. Inú bí ọmọbìnrin náà, ó bi í pé ṣé kò mọ orúkọ ọkọ ara rẹ̀ ni. Mo rí i bí àpásà ṣe ń jáde bọ̀. Ó dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, ọmọ mi. Ìdí tí n kò fi ní sọ ọ́ nìyẹn."

Ìyá Dẹ̀bórà, ìyàwó tó tẹ̀ lé e nínú agbo ilé, rẹ́rìn-ín rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lórí ìyẹn. Àwọn méjèèjì kì í gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n ń jà lórí ewúrẹ́, wọ́n ń jà lórí ìgbálẹ̀, bí kò bá sí nǹkan kan, wọ́n á jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Ìyá Dẹ̀bórà ní òfin tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò pa èèyàn. Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì kó máa gba apá ọ̀tún ni inú Baba Àgbà, ọkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í run. Ó le, ó sì wú. Baba Ìbàdàn wá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí awakọ̀ kan fi mú iṣẹ́ wá: ìfun ló lọ́ pọ̀, àwọn dókítà fẹ́ là á, Baba Àgbà sì ti yarí kanlẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fi ọ̀bẹ kan òun títí òun yóò fi rí ìyàwó òun. Àwọn dókítà sì ti sọ pé bó bá pẹ́, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà bọ́ sílẹ̀ ní Òkè-Bọ́là, kó béèrè ilé àbúrò ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá mi wà ní Kàdúná. Èmi tí n kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé e.

Kí a tó wọkọ̀, gbogbo agbo ilé ti kọ́ wa ní ọgbọ́n. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ má gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní "ẹ kú ìrìn," ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá Dẹ̀bórà ló sọ ọ́ parí, ó ní ṣebí a mọ ohun tí wọ́n ń ki Ìbàdàn: ibi olè gbé ń jàre olóhun. Ìyá Àgbà di gèlè rẹ̀ le. Bọ́lẹ̀kájà gbé wa dé Ìkìrun, ó gbé wa dé Òṣogbo, a wọ òmíràn níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú láti Ìlá dé Ìbàdàn, ọwọ́ náà sì kú tìpìrì.

N kò lè ṣàpèjúwe bí ariwo Ìbàdàn ṣe ń rí létí ẹni tó ti Ìlá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ń fọn fèrè sí ara wọn, alárù ń pariwo àgò, gbogbo èèyàn ń sáré bí ẹni pé ilé ń jó níbì kan. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò bẹ̀rù. Èrò tirẹ̀ ni pé ìlú ni ìlú ń jẹ́. Ní Ìlá, bí o bá dé àdúgbò tí o sọ ẹni tí o ń wá, ọmọ kékeré á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a dé Òkè-Bọ́là, ó lọ tààrà bá onídìrí kan tó jókòó lábẹ́ ìbòrí páànù, tó ń di irun fún ọ̀dọ́bìnrin kan. Sùkú ni. Apá kan ti gòkè dé àárín orí, ó ń dán. Apá kejì ṣì dúró wúruwùru.

Onídìrí kí wa, ó béèrè ẹni tí a ń wá. Ìyá Àgbà ní ọkọ òun ni. Wọ́n béèrè orúkọ ọkọ. Ó ní Akọ̀wé. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ní Òkè-Bọ́là, gbogbo ẹni tó bá ń fi bíírò sínú àpò ni akọ̀wé. Onídìrí wá fi sùúrù béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ìyá Àgbà dákẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Èmi kò mọ orúkọ náà. Baba Ìbàdàn ni mo mọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, orúkọ bàbá mi ni mò ń fi ti tèmi lẹ́yìn, kò sì kan ti Baba Ìbàdàn rárá. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó ṣàlàyé fún wọn bí ẹni náà ṣe rí, ó sọ ilà ojú rẹ̀, ó ki oríkì ilé ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ lójú títì, oríkì dídùn tí ẹnì kan kò mọ̀ ní Òkè-Bọ́là. Orúkọ kò jáde. Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ sọ ọ́ o, Baba Àgbà á kú."

Ó ya ẹnu. Mo rí i. Ó pa á dé, ó tún yà á. Ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi di ẹnu náà mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ tó sì fi ẹnu náà dá lọ́lá ló wà lórí ibùsùn tó ń kú lọ. N kò tíì rí ojú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń di irun fún ló dìde. Ó dìde pẹ̀lú irun ìlàjì yẹn, òòyà onídìrí ṣì há sí i lórí. Ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà méjèèjì mú. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́, ìyá. Ẹnu yín kọ́ ni yóò ti jáde. Àwa tí a kò fẹ́ wọn la ó pè é."

Onídìrí náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ò le: bí àwọn bá pè é kàn, kí Ìyá Àgbà ṣáà kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún un nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Adéyẹmí. Oyèlékè. Ọládiípọ̀. Ìyá Àgbà dúró gbagidi. Obìnrin tó ń ta epo òyìnbó lódìkejì ọ̀nà gbọ́, ó wá. Àwọn ọmọṣẹ́ télọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Dáníẹ́lì, Sámúẹ́lì, Ìsíkẹ́lì. Bàbá arúgbó kan tí ń gbafẹ́ lórí àga ní kí wọ́n yé pe orúkọ Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n pe irú èyí tí ará òkè ń sọ ọmọ. Awakọ̀ takisí kan kò rí ọ̀nà kọjá nítorí èrò, ó bọ́ sílẹ̀ láti bínú. Wọ́n sọ fún un. Ó gbàgbé ìbínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ẹni tó ti gbé rí. Mo ń retí kí ẹnì kan fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, nítorí orúkọ tí wọ́n ń ṣì.

Awakọ̀ náà ló sọ pé, "Abíọ́dún ńkọ́?"

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku Òkè-Bọ́là, eékún méjèèjì, ó sì tẹ orí ba. Gbogbo òpópónà hó yèè. Ọ̀dọ́bìnrin onírun ìlàjì ló gbé e dìde, tó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀.

Abíọ́dún mẹ́ta ló wà ládùúgbò, ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, aládùúgbò ní ó wà ní ilé ìwòsàn, ó sì sọ èyí tí ó jẹ́. Awakọ̀ ní kí a wọlé sínú ọkọ̀, ó ní kí ẹnì kankan má bá òun sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀dọ́bìnrin náà wọlé tẹ̀ lé wa. Onídìrí ń pè é pé orí rẹ̀ ńkọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ máa gba ìgboro kọjá. Ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí èyí jẹ́. Kò sí gèlè, kò sí ìborùn, apá kan orí dì, apá kejì tú, ó sì jókòó sí ojú fèrèsé kí gbogbo Ìbàdàn lè rí i. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní àsìkò àbẹ̀wò ti kọjá. Ọ̀dọ́bìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó di irin géètì náà mú. Ó ní ọkọ ìyá òun ló wà nínú, ó ní òun kò ní lọ. Ẹ̀ṣọ́ wo orí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Baba Ìbàdàn jókòó síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ti sunkún tán. Baba Àgbà ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó wo Ìyá Àgbà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ dájú pé òun ni. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn dókítà. Ó ní, "Ẹni tí mò ń dúró dè ti dé. Ẹ gbé ọ̀bẹ yín wá."

Ó yè é. Ó pa dà sóko, ó sì tún bá wa gbé fún ọdún mélòó kan kí ó tó lọ. Nígbà tí a délé, Ìyá Dẹ̀bórà kò jẹ́ kí a sinmi. Ó ní agídí Ìyá Àgbà ìbá ti sọ ọ́ di opó, ó ní èèyàn gidi ì bá ti pe orúkọ náà jáde, kó tọrọ àforíjì lẹ́yìn. Àpásà kò kúrò nínú òwú lọ́jọ́ náà. Ohùn jẹ́jẹ́ ni Ìyá Àgbà fi dá a lóhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni oníwàásù yẹn gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní, "Nínú ọkọ mi àti ẹ̀yẹ ọkọ mi, ó yẹ kí n yan ọ̀kan. Àwọn tí ẹ ní kò láàánú ni kò jẹ́ kí n yàn."

Láti ìgbà náà, ẹ má bú Ìbàdàn lójú rẹ̀. Àlejò oníwàásù kan wá sí ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ń wàásù lórí ìwà búburú àwọn ìlú ńlá. Ó dé orí Ìbàdàn, ó kì í ní ibi olè gbé ń jàre olóhun, ìjọ sì rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dìde láàárín àwọn ìyá. Ó ní, "Ẹ kì í tán. Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Èmi ni àjòjì náà." Ó sì wà lórí ìdúró títí ọkùnrin náà fi tún un kì, tòun ti ìlà tó fò. Àwọn alàgbà pè é lẹ́yìn ìsìn pé kó tọrọ àforíjì. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó má wọ inú ìjọ títí yóò fi tọrọ rẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn fèrèsé, ibẹ̀ ló ti ń bá wọn kọrin lóhùn òkè, ó sì ń ṣáájú dùùrù, títí ìyàwó pásítọ̀ fi wá fà á lọ́wọ́ wọlé. Kò tọrọ rẹ̀. Òun ni obìnrin jẹ́jẹ́ tí wọ́n sìnkú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ọ̀dọ́bìnrin onírun ìlàjì. Ó ti sọ orúkọ rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà. Orúkọ mùsùlùmí tó dùn létí ni. Ìyá Àgbà kò pè é rí. Nígbà tó hun kíjìpá kan tó ní kí Baba Ìbàdàn mú lọ fún un, ó ní, "Ẹ bá mi fún Ìlàjì-Sùkú." Inú Ìyá Dẹ̀bórà ru. Ó ní àwọn tí a bá nílé ọkọ nìkan ni a ń fún ní orúkọ àpọ́nlé, ó ní ọmọ Ìbàdàn tí a kò mọ baba rẹ̀, tí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà wọlé, báwo ló ṣe di ọkọ. Ó ní òun kò ní kúnlẹ̀ fún un láéláé. Lọ́tẹ̀ yìí àpásà jáde. Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni mo lọ bá a ní Ìbàdàn, òun kọ́ ló wá bá mi. Ẹni tí a bá bá nílé, ọkọ ẹni ni."

Ọdọọdún ni kíjìpá ń lọ, ọdọọdún ni ìkíni ń bọ̀. Wọn kò fojú kan ara wọn mọ́. Ìgbà tí wọ́n jọ wà jẹ́ ọ̀sán kan péré.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú nínú ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n pe ìpàdé ẹbí láti mọ àwọn tí a ó ránṣẹ́ sí. Mo ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ dé. Wọ́n dárúkọ ará Ire, wọ́n dárúkọ ará Iresi, àwọn àna, àwọn ọmọ ìyá. Mo ní ó ku ẹnì kan. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n ní ojúlùmọ̀ lásán ni, ojúlùmọ̀ ọjọ́ kan. Baba Ìbàdàn pàápàá ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi ti ẹbí ṣe ti ẹbí. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Baba, ohun tí kò jẹ́ kó pè yín lórúkọ ni kò jẹ́ kó pe òun náà. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹ yọ ara yín mọ́ ọn." Bàbá mi ní kí n jáde. Mo jáde, mo sì lọ sí ibùdókọ̀.

Mo rí i ní Òkè-Bọ́là. Ó ti ní ìsọ̀ òwú tirẹ̀ báyìí, ó sì ti bímọ. Kò dá mi mọ̀ àfìgbà tí mo sọ Ìlá. Ó bi mí ẹni tó rán mi. Mo ní Ìyá Àgbà ni. Ó ti mọ̀ pé ó ti kú kí n tó parí rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Mo sọ ọ́, mo sì pa dà sílé láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, nígbà tí a ti ilé ìjọ dé lọ́jọ́ náà, tí mo ṣì ń gbé ìbínú ìwàásù yẹn kiri, mo rí obìnrin kan tó dá dúró ní àárín agbo ilé, tó wé gèlè dúdú. Èrò ń gbá a kọjá. Ìyá Dẹ̀bórà, tó ti di àgbà láàárín àwọn ìyàwó ilé báyìí, lọ bá a. Mo gbọ́ tó ń bi í, láì bu omi, pé ta ló ń wá.

Obìnrin náà kò sọ orúkọ. Orúkọ rẹ̀ wà, mo mọ̀ ọ́n, òfin ìyàwó kò sì dè mí, ṣùgbọ́n èmi náà kò ní kọ ọ́ síbí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tú gèlè rẹ̀. Sùkú tuntun ló wà lórí rẹ̀. Apá kan ti gòkè dé àárín orí, ó ń dán. Apá kejì ṣì dúró wúruwùru.

Ìyá Dẹ̀bórà wo orí náà pẹ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà ní ẹnu mi. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó rọra fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi ìkejì tẹ̀ lé e, orúnkún arúgbó tí kò fẹ́ ká mọ́. Àwọn ìyàwó ilé tó kù sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," ó ní.

Ó wá yí ojú sí mi láti ilẹ̀ ibẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀.

"Kí lo ń wò, Àṣàkẹ́? Gbé omi."